Íápíìsì Ọgọ́rin Dírámù

Ẹnu àbúrò ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Yamna lorúkọ rẹ̀, ìlú Oujda ló ń gbé, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ ní ṣókí. Tó bá ti tẹ fóònù báyìí, ogójì ìṣẹ́jú ni: aya ọmọ rẹ̀ tí kò mọ búrẹ́dì yan, aládùúgbò tó ń jí omi fà, ọkọ ẹnì kan tí wọ́n rí níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti rí i. Ìyá mi, Zhor, tí wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Lalla, kì í gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ló fi ń sùn ti ẹ̀rọ nílé ìwòsàn kan ládùúgbò wa ní Casablanca. Ohùn Yamna ló fi ń ti wákàtí mẹ́rin náà lọ.

Wahálà ibẹ̀ ni pé gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń bá a gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì Hafida fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ghizlane, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá íápíìsì fún màmá. Níjẹta, Yamna sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó alápatà kan, Si Bouazza orí bẹ́ẹ̀dì kejì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ fi ń ké. Mo rò pé bàbá fẹ́ lọ ni."

"Kí ni ìyàwó alápatà ṣe?"

"Ẹ má bi mí. Èmi gan-an dúró gbọ́ ọ títí ó fi parí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ṣèlérí pé màá rà á.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà ni mo wà. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ni mo fi ń de ohun ìgbọ́rọ̀ mọ́rí, àwa ogójì nínú yàrá kan, tí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ bí etí ṣe ń dun èèyàn tí nǹkan tí kò bá a mu bá wà nínú rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé àìmọ̀kan ló ṣe mí.

Lọ́jọ́ Àìkú mo lọ sí ọjà Derb Ghallef, lọ́dọ̀ Mouhcine tó máa ń tún fóònù mi ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ó to páálí mẹ́ta síwájú mi.

"Àǹtí mi, ipele mẹ́ta ni, kò sí èyí tó ní wáyà. Èyí, ọgọ́rin dírámù. Ó ń sọ̀rọ̀, mi ò lè yìn ín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣi rọ́bà kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀. Tó bá bá etí yín mu, ẹ dúpẹ́. Èyí tó wà láàárín, àádọ́talénígba. Rọ́bà oríṣi mẹ́rin ló bá a wá, ńlá àti kékeré, ó tún ní ìkọ́ tó ń há mọ́ ẹ̀yìn etí." Ó wá fi apá aṣọ rẹ̀ nu páálí kẹta. "Èyí, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Ìyẹn ń pa ariwo."

"Ìyá mi ni mo fẹ́ ra á fún."

"Ẹ mú wọn wá nígbà yẹn. Etí kan ò jọ òmíràn. Mo ti rí ọkùnrin ńlá tí ihò etí ẹ̀ kò tó ti ọmọdé."

"Mouhcine, etí ni etí."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi."

Ó ní kí n kàn fi ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún wò, pé wíwò kò ní kí n sanwó. Mo fi sétí. Gbogbo ọjà dákẹ́. Ẹni tó ń polówó ṣáájà ń la ẹnu, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọdún méje ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú ariwo, mi ò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba omi lójú mi.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi lè ra méjì nínú ti àárín, kó sì ṣẹ́ kù. Ó sì lè ra ọ̀kan nínú ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún pẹ̀lú ọ̀kan nínú ti ọgọ́rin. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe dúró síbẹ̀. Mo wá ń bá ara mi sọ̀rọ̀: ohùn Yamna nìkan ni màmá fẹ́ gbọ́, kì í gbọ́ orin, kì í wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ fi èyí tó wọ́n ṣe? Mo ra ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún fún ara mi. Mo ra ti ọgọ́rin fún ìyá mi.

Kí n tó délé, mo ti ya ìwé iye owó kúrò lára páálí tirẹ̀. Mo ki tèmi sábẹ́ aṣọ òtútù nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyá mi yí páálí náà síwá sẹ́yìn. "Ghizlane, ṣé èyí dáa?"

"Màmá, èyí tó dáa jù lọ lọ́jà ni."

"Ọlọ́run á bù kún ọ. Má ná gbogbo owó ẹ lórí mi mọ́, o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan mo bi í bóyá ó bá etí rẹ̀ mu. Ó ní ó bá a mu dáadáa. Mi ò bi í lẹ́ẹ̀kejì, torí mi ò fẹ́ ìdáhùn mìíràn. Tèmi ń ṣe mí lóore. Nínú ọkọ̀ tíráàmù láàárọ̀, mo máa ń fi sétí, màá dijú, gbogbo Casablanca á sì dákẹ́.

Ó tó oṣù kan àbọ̀ kí iná tó lọ lọ́fíìsì wa ní Ọjọ́bọ̀ kan, tí wọ́n ní ká máa lọ sílé lọ́sàn-án. Mo ní kí n lọ mú ìyá mi. Nígbà tí mo dé ọ̀ọ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù, íápíìsì tèmi ṣì wà létí mi. Mo rí ìyá mi láti ẹ̀yìn gíláàsì. Apá òsì rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì. Apá yẹn kò gbọdọ̀ mira. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi di etí ọ̀tún mú, ó ń fi ìka kan ti íápíìsì náà wọlé. Òmíràn ti já bọ́ sórí àyà rẹ̀. Omi wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó mú ìka kúrò létí kó lè na ọwọ́ sí i, íápíìsì sì bọ́ sílẹ̀. Ó pa omi náà tì. Ó ń wo ilẹ̀ bóyá ó máa rí ibi tó yí lọ.

Mo yọ tèmi kúrò létí, mo fi pamọ́ sínú ọwọ́, mo wọlé.

Si Bouazza, bàbá arúgbó tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì sí ti ìyá mi, ló kọ́kọ́ rí mi. Ó jẹ́ apẹja nígbà tó lágbára, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọmọ Zhor, o káre! Bá wa gbé nǹkan yẹn nílẹ̀, ó ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ojoojúmọ́ ló ń jábọ́. Mo ní kó dá a padà fún ẹni tó tà á, ó ní rárá, pé ọmọ òun ra èyí tó dáa jù, pé etí òun ni kò dáa."

"Bouazza, ta ló bi ọ́?" ni ìyá mi wí. Ó yíjú sí mi. "Má dá a lóhùn. Bí etí mi ṣe rí nìyẹn látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Yẹtí gan-an kì í dúró lára ẹ̀."

Mo tẹríba wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi.

Nígbà tá a délé, mo fi tèmi lé e lọ́wọ́. Irọ́ kejì nìyẹn o: mo ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló yá mi pé kí màmá fi wò ó. Ó fi sétí, ojú rẹ̀ hunjọ, ó ní ó dáa. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá etí rẹ̀ ti pọ́n bí ata. Ó tóbi jù fún un. Mo ti rò pé tí mo bá ti fún un ní èyí tó wọ́n, ọkàn mi á fúyẹ́. Kò fúyẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú mo mú un lọ bá Mouhcine. A sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ọ̀nà. Mouhcine fún un ní ìjókòó kan ṣoṣo tó ní, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i létí.

"Lalla, etí yín kéré, ó sì rẹwà. Rọ́bà tó kéré jù ló máa gbà." Ó fi ti àárín sí i, ó fi ìkọ́ há a. "Ẹ mi orí. Ẹ la ẹnu. Ẹ rẹ́rìn-ín."

"Kí ni kí n fi rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ ronú nípa iye tí mo fẹ́ pè é fún yín."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Nǹkan náà kò mira. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń wo ọjà tó wà níwájú rẹ̀ bí ọmọdé. Ibẹ̀ ló ti rí íápíìsì kan. Ó mú un sókè.

"Èyí jọ tèmi."

"Ọgọ́rin dírámù, Lalla. Èyí tó kéré jù nìyẹn, mi ò ní tà á fún yín."

"Èwo ló wá dáa jù?"

Mouhcine na ọwọ́ sí ti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Irú èyí tí mo ní wọ́n yá mi gan-an ni. Ìyá mi wò ó, ó wò mí, ó dá ti ọgọ́rin padà sáàyè rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ti ń ṣí báàgì mi. Ó na ọwọ́ dá mi dúró, ó tú aṣọ ìnujú tó fi di owó tirẹ̀, ó san àádọ́talénígba náà. Mouhcine ń wo èmi àti òun, kò ṣe àwàdà kankan mọ́.

A jókòó síbi kan lẹ́yìn ọjà. Mo ra tíì, kò mu ún.

"Màmá, irọ́ ni mo pa fún yín. Èmi ni mo ra èyí tó wọ́n fún ara mi. Kò sẹ́ni tó yá mi. Ẹ forí jì mí."

Ó ti ife tíì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "O máa ń ṣiṣẹ́. Tí o bá sọ fún mi pé èyí ni agbára ẹ ká, ṣé mo máa bá ọ jà? Mo ti fi ọ́ yangàn ní wọ́ọ̀dù, Ghizlane. Mo bú etí ara mi lójú gbogbo wọn."

Lọ́jọ́ Sátidé mo bá a wọ wọ́ọ̀dù. Mi ò sọ fún un ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo dúró láàárín bẹ́ẹ̀dì òun àti ti Bouazza, Hafida sì ń tọ́jú abẹ́rẹ́.

"Si Bouazza, kò sí nǹkan tó ṣe etí ìyá mi. Èmi ni mo ra èyí tó kéré jù lọ́jà, tí mo sì ní òun ló dáa jù."

Bouazza tó máa ń pariwo gan-an ń wo òrùlé.

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe sí i?" ló wí. "Àwa ọmọ tiwa ò tiẹ̀ wá."

"Ó tó," ni ìyá mi wí. "Jókòó, Ghizlane. O ń dójú ti ara ẹ."

Ó ti íápíìsì tuntun sétí méjèèjì, ó dijú.

Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ látọjọ́ yẹn. Mo ṣì ń lo tèmi nínú tíráàmù, ṣùgbọ́n mi ò dijú mọ́. Àmọ́ nǹkan yòówù tí mo bá rà wálé fún un, ì báà jẹ́ bàtà, ì báà jẹ́ ṣúwẹ́tà, á gbà á, á yẹ̀ ẹ́ wò, á wá bi mí pé, "Èwo lo rà fún ara ẹ?" Ó máa ń fi ẹ̀rín sí i. Lọ́jọ́ míì, kì í sí ẹ̀rín níbẹ̀.