Ojú Tó Ń Ba Bọ́ọ̀lù Jẹ́

Kò sí ohun tí Ọláṣùpọ̀ káfíńtà fẹ́ràn tó bọ́ọ̀lù, kò sì sí ohun tó ń bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ń gbé e kọ́rùn lọ sí pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè ló ti kó àìsàn bọ́ọ̀lù. Irun etí rẹ̀ ti ń funfun báyìí, síbẹ̀, bí ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn bá fẹ́ gbá pẹnáritì, á dìde, á bọ́ síta, á kẹ́yìn sí tẹlifíṣọ̀n, á sì di etí méjèèjì.

Ó gbà pé ojú òun ò dáa fún bọ́ọ̀lù ni. Tó bá tẹjú mọ́ ọn, wọ́n á gbá a sókè. Tó bá jáde lọ tọ̀, góòlù á wọlé. Àwọn tí wọ́n jọ ń wo bọ́ọ̀lù ní Múṣín mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Sàlíhù, tó máa ń kun àga tí Ọláṣùpọ̀ bá kàn tán, ló máa ń kọ́kọ́ pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáde jọ̀ọ́! Ẹ má fi ojú yẹn pa wá!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ọláṣùpọ̀ náà á rẹ́rìn-ín, á sì jáde. Àwàdà ni lójú tiwọn. Wọn ò mọ̀ pé àyà ọkùnrin náà ń já ní tòótọ́.

Kì í ṣe ìta nìkan ló ti ń sọ ọ́. Ìrètí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbọ́ ọ láti kékeré. Bí pẹnáritì bá dé, ọmọ náà á fi ọwọ́ kékeré bo ojú bàbá rẹ̀, wọ́n á jọ máa retí ariwo. Eré tó dùn ni nígbà yẹn.

Àfi bí Ìrètí ṣe dàgbà tó lóun ò ní ṣe ohun mìíràn ju bọ́ọ̀lù lọ. Nínú gbogbo ibi téèyàn lè dúró sí lórí pápá, ẹnu góòlù ló yàn. Ó di aṣọ́lé fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Yábàá. Bàbá rẹ̀ ra ìbọ̀wọ́ fún un, ó ra bàtà, ó ń fi í yangàn fún Sàlíhù láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ wò ó rí. Ìgbà gbogbo ni igi ń bẹ nílẹ̀ tó fẹ́ là.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àṣekágbá ìdíje wọn, ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

"Dádì, ẹ má wá o. Ẹ dúró sí ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ máa bá mi gbàdúrà."

"Ṣé mo sọ pé mo fẹ́ wá ni?"

"Mo kàn ń sọ ṣá."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni Ọláṣùpọ̀ rí i pé ọmọ òun gbà á gbọ́, pé ohun tóun fi ń ṣeré ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀rù bà á. Ó fẹ́ pè é padà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti lọ.

Kò lè ṣiṣẹ́. Ayùn ṣáà ń yà kúrò lójú ìlà. Nígbà tó yá, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ ọkọ̀, ó di Èbúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Ó ní òun ò ní wò, òun kàn fẹ́ wà nítòsí. Ògiri pápá náà ti wó lápá kan. Ó dúró síbẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ohun tó kù nínú ògiri, ó sì kọjú sí ojú irin rélùwéè. Ó ń gbọ́ ohùn Ìrètí tó ń pàṣẹ fáwọn tó wà níwájú rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, síbẹ̀ kò yíjú padà.

Fèrè dún. Ẹnì kan pariwo, "Pẹnáritì!"

Ọláṣùpọ̀ di ojú pinpin. Ó gbọ́ nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohun tó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi orí sọ irin. Kò sí ariwo góòlù. Kò sí àtẹ́wọ́. Gbogbo pápá dákẹ́ lọ gbári, kí obìnrin kan tó figbe ta: "Yéè! Ó ti lulẹ̀! Ẹ fún un láyè kó mí!"

Ọláṣùpọ̀ túbọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri. Kò lè jẹ́ Ìrètí, ó ń sọ lọ́kàn rẹ̀. Bí mo bá wò ló máa jẹ́ Ìrètí. Bí mi ò bá tíì wò, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ó fi èékánná ha bíríkì.

"Ta ni èèyàn Ìrètí níbí?" Ohùn Àǹtí Beulah ni, kóòṣì wọn. "Ṣé kò sí òbí ọmọ yìí níbí ni? Ìrètí! Ta ni èèyàn ẹ̀?"

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọláṣùpọ̀ wà lọ́jà o, ó sì kọjú sí rélùwéè. Kóòṣì tún pè. Ọláṣùpọ̀ ò kúrò níbẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń sá lọ wá omi ló fi èjìká gbá a. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ ni? Ọmọ ọlọ́mọ ń kú lọ níbẹ̀ yẹn!"

Ìgbà yẹn ló tó yí padà tó sáré.

Ìrètí ló wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó góòlù, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létí ojú rẹ̀. Àǹtí Beulah kúnlẹ̀, ó di orí rẹ̀ mú kó má baà mì, ó sì ń lé àwọn tó fẹ́ da omi sí i. Ọláṣùpọ̀ wólẹ̀ síbẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ìbọ̀wọ́ náà ṣì gbóná. Nígbà tó ṣe, Ìrètí la ojú. Ó rí bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà, bí ẹni tó rí ohun tó ń sá fún.

"Dádì. Ẹ ti wá. Ẹ ti wò mí."

Kì í ṣe ìbéèrè. Ọláṣùpọ̀ mọ̀ pé bóun bá dákẹ́, ọmọ yìí á gbà títí ayé pé ojú bàbá òun ló gbé òun lulẹ̀.

"Mi ò wò ẹ́. Mo fi Ọlọ́run búra. Ara ògiri yẹn ni mo wà, mo kẹ́yìn sí ẹ."

Ara tu Ìrètí díẹ̀. Ó mí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, bàbá rẹ̀ sì ń wò ó bó ṣe ń rò ó, kò sí bó ṣe lè dá a dúró.

"Nígbà tí mo ṣubú ńkọ́?"

"Mo gbọ́."

"Àǹtí ń pe èèyàn mi. Ojú mi ò là, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́. Wọ́n pè, pè, pè."

"Èmi náà gbọ́, Ìrètí."

Ọmọ náà rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti bàbá rẹ̀, ó fi í sórí itan kóòṣì.

"Àǹtí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé mi lọ sí ọsibítù."