Ẹni Tí Yóò Dúró Láàárín

Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá Gildardo ti fi Ulises sí ipò àárín nínú ijó ni oúnjẹ kò ti fi bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun Rutilio mọ́. Tilo ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ga níwọ̀nba, ó mọ ijó jó, ó sì mọ̀ dájú pé òun mọ̀ ọ́n jó, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ijó yìí ló fi ń rówó ná. Bí ọmọbìnrin bá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Atlixco, àwọn òbí rẹ̀ á ṣe ayẹyẹ tó lè kó wọn sí gbèsè ọdún méjì. Ọmọ náà á wọ aṣọ tí kò lè gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá, wọn á gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, á sì jó níwájú gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́rin tó wọ kóòtù. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ló máa ń bá a jó. Àwọn yẹn kì í wá síbi ìdánrawò, bí wọ́n bá sì wá, ìjà ni wọ́n ń jà. Bí àwọn ìyá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í háyà ọmọ ijó nìyẹn, tí Ọ̀gá Gildardo, tó ti fi ìgbà kan jẹ́ tíṣà eré ìdárayá, fi di ẹni tí gbogbo ilé ń wá.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pésò ni Tilo ń gbà lórí ayẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Kó tó di ọmọ ijó, ọgbà òdòdó ló ti ń bá wọn bomi rin, tí ẹ̀yìn á máa dùn ún láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tí owó ibẹ̀ kò sì tó ohun tó ń gbà ní Sátidé kan ṣoṣo báyìí. Ó ti fi owó ijó ra fóònù, ó ti fi gẹrun láìtọrọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ti ra bàtà funfun kan tó máa ń fi itọ́ nù bó bá ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Ọmọ tó ń ná owó ara rẹ̀ máa ń gbé orí sókè díẹ̀, Tilo sì gbé tirẹ̀ ju díẹ̀ lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú Ulises wọnú iṣẹ́ náà. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ni Ulises àti ìyá rẹ̀ kó dé láti Querétaro, wọ́n gba yàrá kan lẹ́yìn ilé àwọn oníbúrẹ́dì, ọmọ náà sì ń ta jẹ́lì inú kọ́ọ̀pù ní ibùdókọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Tilo. Ó kọ́ ọ ní ijó nínú àgbàlá ìyá rẹ̀, ó ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta sí i létí títí àwọn adìẹ fi sá kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú un lọ bá ọ̀gá wọn. Nígbà yẹn, kò rò ó pé Ulises ga ju òun lọ, tàbí pé eyín rẹ̀ tò dáadáa.

Ni ayẹyẹ Damaris bá dé. Damaris ni ọmọ ọmọ Bàbá Herculano, ẹni tó ni ilé ìlọ̀ àgbàdo níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń ra tòtíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, ní gbígbóná lọ́sàn-án. Láti ìgbà tí Tilo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ìyá rẹ̀ ti ń rán an níbẹ̀. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, ó ń lọ lọ́jọ́ tí wọn kò rán an pàápàá, tòtíyà sì ń gbẹ sínú agbọ̀n nílé wọn. Damaris a máa wọ̀n ọ́n fún un, a máa fi ẹyọ kan lé e, a sì máa fi iyọ̀ pa á lára, kó máa jẹ ẹ́ lọ lọ́nà. Tilo kò tíì bá a sọ ọ̀rọ̀ gidi kan rí. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé àwọn ẹbí rẹ̀ ti lọ bá Ọ̀gá Gildardo, ó mọ ibi tí òun fẹ́ dúró. Ẹni tó bá wà láàárín ló ń di ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ mú, òun ló ń bá a parí ijó, àwòrán rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé kọ́ ara ògiri ilé títí ọmọ náà á fi bí ọmọ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánrawò àkọ́kọ́, nínú àgbàlá ilé ìlọ̀, Ọ̀gá Gildardo nawọ́ sí Ulises pé kó dúró láàárín. Ó gbé Tilo sí ìpẹ̀kun apá òsì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí òórùn àgbàdo rírẹ ti ń fẹ́ sí i nímú. Tilo rò pé ó ṣèèṣì ni. Ó lọ bá a lẹ́yìn ìdánrawò, ó bi í léèrè jẹ́ẹ́jẹ́, ọ̀gá sì dá a lóhùn pé ibi tí òun bá fi í sí ni kó dúró. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá Damaris san ìdajì owó ṣáájú. Ulises gba tirẹ̀, àwọn méjì yòókù gba tiwọn, Tilo nawọ́, ọ̀gá sì ní tirẹ̀ yàtọ̀, àwọn á sọ ọ́ tó bá yá.

Tilo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Bí Damaris bá rẹ́rìn-ín, ó ń wò ó bóyá Ulises ló pa á lẹ́rìn-ín, lọ́pọ̀ ìgbà, Ulises ni. Bí wọ́n bá ń mu omi ọsàn, ó ń ka iye ìgbà tí ọmọbìnrin náà bu fún Ulises. Nígbà kan, Damaris fa Ulises létí, ó sọ nǹkan sí i nínú etí náà, àwọn méjèèjì wo ọ̀dọ̀ Tilo, wọ́n sì dákẹ́. Ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní ka irú ìyẹn sí ohun tí Tilo kà á sí? Owú mú un débi pé ó kórìíra eyín ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nǹkan míì tún wà. Ọ̀gá Gildardo kì í jẹ́ kí wọ́n parí ijó ńlá náà. Bí orin bá ti dé ibì kan báyìí, á pa á, á ní ìyókù di ọjọ́ náà gan-an. Tilo kò rí i kí ọ̀gá ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́rú kan tí ìdánrawò kò sí, ó ń kọjá lẹ́yìn ilé ìlọ̀, ó gbọ́ orin yẹn, ó yọjú láti inú ihò géètì. Ulises ń yí Damaris po nínú àgbàlá, àwọn méjèèjì nìkan. Ó mú un rìn wá sí apá òsì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ orí ba, wọ́n sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí Tilo rí níbẹ̀ kò ju ọwọ́ tó wà nínú ọwọ́ lọ.

Ó dúró de Ulises lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì.

"Kí ni ìwọ àti Damaris ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ijó là ń jó."

"Ijó wo? Ọjọ́rú lòní."

"Tilo, jọ̀ọ́, má bi mí. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ."

"Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ o. Ìgbà tí o dé, ṣe lò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń pa aáyán."

Ulises rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, òun ò tíì gbàgbé. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ká ní ó bú u padà ni, bóyá wọn ì bá jà kó sì tán síbẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Zoraida, tí òun náà ń kó ọmọ ijó, tí òun àti Gildardo kì í kí ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ijó rẹ̀ fẹsẹ̀ rọ́ níbi bọ́ọ̀lù, Zoraida sì ń wá ẹni tó máa dúró láàárín ní ayẹyẹ kan ní Izúcar, ní Sátidé kan náà pẹ̀lú ti Damaris. Ẹgbẹ̀rin pésò ló fẹ́ san. Tilo gbà kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó rò ó pé kí wọ́n wá rí i bí ìlà wọn ṣe máa wọ́ lọ́jọ́ náà láìsí òun, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló tó lọ sọ fún Ọ̀gá Gildardo. Ọkùnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ọmọ yìí, o ò mọ ohun tí ò ń ṣe."

"Ibi tí wọ́n á ti sanwó fún mi ni mò ń lọ, sà."

"Kì í ṣe èmi ló yẹ kí n là á fún ẹ. Lọ bá Damaris, kí o wí fún un lójúkojú."

Tilo kò lọ. Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i pé òun ní iṣẹ́ níbòmíì, pé Uli ṣáà wà níbẹ̀, kó bá Uli jó. Ó rí i pé Damaris ti kà á.

Ní Izúcar, ó dúró láàárín. Ọmọbìnrin náà ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó tẹ bàtà funfun Tilo mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, "ìwọ" ló sì ń pè é títí ayẹyẹ fi parí torí kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán wọn. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Ulises ni Tilo ń rò, bóyá ó ti di Damaris lọ́wọ́ mú báyìí, bóyá wọ́n ti dé apá ibi tí ọ̀gá kì í jẹ́ kí wọ́n dé. Ó gba ẹgbẹ̀rin pésò rẹ̀, ó sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ìyá rẹ̀ ti dé láti ilé Damaris. Ó gbé oúnjẹ fún un, kò bá a sọ̀rọ̀, Tilo sì rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́ kejì ayẹyẹ, wọ́n máa ń gbé ọbẹ̀ tó kù kaná, kí ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá lè jọ jẹ ẹ́. Tilo bá ìyá rẹ̀ lọ. Ó nu bàtà rẹ̀ dáadáa, torí ó fẹ́ kí wọ́n rí i pé nǹkan ń lọ déédéé fún òun. Àwọn obìnrin ilé pé jọ yí fóònù kan ká nínú àgbàlá, wọ́n ń wo fídíò ijó ńlá, wọ́n sì ṣí àyè fún un kó wò ó.

Ó rí Ulises, ó ń yí Damaris po nínú aṣọ aláwọ̀ ewé. Orin kọjá ibi tí ọ̀gá ti máa ń pa á. Ulises mú un rìn wá sí apá òsì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ orí ba, ó sì fẹ̀yìn rìn padà sẹ́yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Damaris na ọwọ́, ó dojú kọ ilẹ̀kùn, ó sì dúró. Orin ń lọ. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń ya fídíò náà fi gbé e lọ sí ara ilẹ̀kùn láti wo ẹni tó ń bọ̀, tó sì tún gbé e padà. Bàbá Herculano ló dìde níkẹyìn, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara àga, ó lọ gba ọwọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, wọ́n sì parí ijó náà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà nu ojú. Ó ní ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ dáadáa, bàbá ọmọ wà ní Niu Yọ́ọ̀kì, wọ́n wá fi bàbá àgbà dí àyè rẹ̀.

Tilo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ulises dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwo oúnjẹ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

"Àyè ẹ nìyẹn," ó ní. "Èmi kàn ń mú un wá bá ẹ ni. Bí àwa méjèèjì ṣe ń kọ́ ọ lọ́jọ́rú nìyẹn, kó má bàa ṣì í."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Damaris fẹ́ kó bá ẹ lójijì ni. Ó ní kí wọ́n má sanwó fún ẹ, torí bí òun bá sanwó fún ẹ, òun ò ní mọ̀ bóyá ó wù ẹ́ láti bá òun jó. Lánàá, a ní ká yí ijó náà padà. Ó ní rárá, ó ní wàá wá."

Damaris fúnra rẹ̀ ló gbé oúnjẹ wá fún Tilo, ọbẹ̀ mole dúdú lórí ẹran tòlótòló, tòtíyà mẹ́ta tí wọ́n wé sínú aṣọ. Kò sí iyọ̀ lórí èyíkéyìí nínú wọn. Ó gbé àwo náà lé tábìlì, ó sì fa àpòòwé kan yọ nínú àpò àpírọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ wá síbi ìdánrawò," ó ní. "Màmá mi ní kí n san án fún yín, bíi ti àwọn yòókù."

Tilo ní òun kò fẹ́ ẹ. Ó pe Damaris lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ gbà á. Iṣẹ́ lẹ ṣe. Ẹ ṣeun."

Láti ìgbà tí Tilo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti mọ ara wọn, Damaris kò fi ẹ̀yin pè é rí, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ó fi àpòòwé náà sẹ́bàá àwo, ó sì kọjá lọ sí ìdí iná, níbi tí Bàbá Herculano jókòó sí. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, ó bọ́ bàtà kúrò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú nítorí ijó àná, ó sì ń fi ọwọ́ pa á fún un. Bàbá náà sọ nǹkan kan, Damaris rẹ́rìn-ín. Tilo jókòó ti oúnjẹ rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó ti jowú Ulises fún oṣù méjì gbáko, ó sì ti rò pé òun ti jẹ owú yẹn tán. Bàbá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ni Tilo wá ń jowú báyìí, èyí sì dùn ún ju ti Ulises lọ, torí kò sẹ́ni tó gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀.