Oko Inú Yàrá Lùkúmọ̀n

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: Lùkúmọ̀n ará Ìkirè kò gbin nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá Qaosarat àfẹ́sọ́nà rẹ̀, àgbẹ̀ paraku ní Àpòmù, ti búra pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ẹni tí kò mọ oko.

Ni Lùkúmọ̀n bá ra àgọ́ dúdú kan tí wọ́n fi ń gbin nǹkan nínú ilé lórí fóònù, ó pa àgọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé iná kọ́ sínú rẹ̀. Oòrùn Ìkirè, ọ̀fẹ́ ni, nítorí náà kò níyì lójú rẹ̀. Ó bu ilẹ̀dú lẹ́yìn balùwẹ̀ sínú ike, ó gbin ata sí i, ó sì kọjú fáànù kan ṣoṣo tó ní sí i. Òun ń làágùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ata ń gbatẹ́gùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ránṣẹ́ pe àna rẹ̀ ọ̀la.

"Oko ìgbàlódé rèé, Bàbá. Ẹ ò ní rí ọkọ́ níbẹ̀."

Bàbá yọjú wo ewé tó tutù yọ̀yọ̀ nínú àgọ́. Wọ́n já ọ̀kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Ìwọ lò ń bomi rin ín?"

"Láàárọ̀ lálẹ́, sà!"

"O kúuṣẹ́. Imí-eṣú nìyí, ọmọ mi. Àárọ̀ yìí ni mo ro tèmi dànù lóko."