Abọ́ Àwọn Ọmọ Ẹ́kísì

Ẹ bá mi yọ̀! Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, àmọ́ kò sí orin tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sùúrùlérè tí mi ò ní mú délé. Orin náà ló sì gbé mi dé ìdí ìṣirò.

Ọdún tí ìjọba ń wá tíṣà kiri ni, torí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Àṣàbí, ọmọ àbúrò mi Jethro, fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà kan ní Yábàá. Ó ti ṣe ìdánwò náà rí, ìṣirò gbé e ṣubú. Jethro, akọ̀wé ni ní rélùwéè, kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bí èyí náà bá bọ́, ó parí. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ń gba ọmọbìnrin ní Ìlúpéjú. Kó lọ máa to bisikíìtì sínú páálí."

Èmi ò bá bisikíìtì jà, mo máa ń jẹ ẹ́. Àmọ́ láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń to òkúta sílẹ̀, tó ń pè wọ́n ní kíláàsì òun, tó sì ń na òkúta tó bá pẹ́ dé!

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mò ń ṣa ẹ̀wà ní fàráǹdà, Àṣàbí ń kọ ìṣirò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pa á rẹ́, ó ń kùn.

"Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Ìyá Àgbà, Ẹ́kísì yìí ló fẹ́ pa mí."

Ó fi hàn mí. Ẹ́kísì ni wọ́n fi ń dúró fún iye tí a kò tíì mọ̀. Méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀, àmì ìlọ́po wà láàárín wọn. Èkíní gbé mẹ́ta kékeré kan sí èjìká, èkejì gbé mẹ́rin.

"Kí ló pọ̀n yìí? Ọmọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ń sọ pé ká kọ Ẹ́kísì lẹ́ẹ̀mẹta, ká fi wọ́n lọ́po ara wọn ni. Mo fi mẹ́ta lọ́po mẹ́rin, mo kọ méjìlá. Tíṣà fa igi lé e."

Mo ní, "Wò ó, ìyàwó àbúrò ọkọ Ìdíátù kó dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ Ìdíátù jẹ́ mẹ́ta..."

Ìdíátù, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ti figbe ta. "Ìyá Àgbà! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ o!"

"Ta ló ń ka ọmọ? Abọ́ ni mò ń kà!"

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí oúnjẹ bá jiná, abọ́ là ń kà, ẹnu wa ò kan orí ọmọ.

"Abọ́ mẹ́ta nílé rẹ, mẹ́rin ti ìyàwó àbúrò ọkọ ẹ. Ìdílé kan náà ni yín. Abọ́ mélòó lò ń bu ọbẹ̀ sí báyìí, Ìdíátù?"

"Méje! Apá mi sì ti fẹ́ já!"

Àṣàbí la ẹnu sílẹ̀. Ó to Ẹ́kísì mẹ́ta, ó to mẹ́rin tẹ̀ lé e, ó kà wọ́n. "Méje! Ìyá Àgbà, méje ni! Bó bá jẹ́ Ẹ́kísì àti Wáì ńkọ́?"

"Ṣé ẹbí ni wọ́n?"

"Rárá."

"Kí kálukú gbé abọ́ ẹ̀."

Ó ní bí wọ́n bá fi àkámọ́ ká Ẹ́kísì tó gbé mẹ́ta mọ́, tí wọ́n wá gbé méjì sí èjìká àkámọ́ ńkọ́? Ó tún dá ara rẹ̀ lóhùn: "Ilé méjì, abọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Mẹ́fà!" Mo ní bí wọ́n bá wá ń pín, kí ẹni tó ń lọ kó abọ́ tirẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ni mo ti gbé orin kalẹ̀:

*Ẹbí kan pàdé, ẹ ro abọ́ pọ̀ o,*
*Ẹbí kan ń pín, ẹ yọ abọ́ kúrò.*

Odindi ọ̀sẹ̀ ni gbogbo ilé fi kọ ọ́.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Iwájú pátákó ni wọ́n ti ń ṣe é, torí tíṣà tó ń sá fún pátákó, tíṣà wo nìyẹn? Àwa ẹbí dúró sábẹ́ fèrèsé. Mísì Adéníran, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, kọ Ẹ́kísì tó gbé mẹ́ta lọ́po Ẹ́kísì tó gbé mẹ́rin sókè, ó fàlà, ó kọ Ẹ́kísì tó gbé méje sísàlẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abọ́dúndé ló kọ́kọ́ jáde. "Òdo!" ló wí, ó gbọn ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ bí ẹni tó jẹun yó.

"Lọ jókòó. Àṣàbí!"

Ọmọ mi ń kùn ún lábẹ́ imú: ẹ ro abọ́ pọ̀ o. "Méje lókè, mà. Méje nísàlẹ̀. Tí a bá yọ ọ́ kúrò, òdo ló kù léjìká Ẹ́kísì."

"Ó dáa. Èsì ńkọ́? Òdo náà ni?"

Ó tún pátákó wò látòkè délẹ̀. Mo di irin fèrèsé mú. Jethro mí kanlẹ̀. "Ó ti bọ́."

"Rárá, mà. Ẹyọ kan ni."

"Kí nìdí?"

"Iye tó wà lókè náà ló wà nísàlẹ̀. Ohun tí a bá fi ara rẹ̀ pín, ẹyọ kan ló ń dà." Ó yíjú sí pátákó. "Àti pé, mà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tọ́ mi ò bímọ rí. Kò sí abọ́ ọmọ kankan níwájú wọn. Síbẹ̀, wọn kì í ṣe òdo. Odindi èèyàn kan ni wọ́n."

Háà! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ ọkọ, ọmọ yìí fi ṣọ́ọ̀kì dáhùn ẹ̀ ní gbangba. Mi ò mọ ìgbà tí orin já:

*Ẹyọ kan ni mí o, èmi kì í ṣòdo!*

Mísì Adéníran yọrí lójú fèrèsé. "Ta ló ń pariwo? Ìdánwò là ń ṣe níbí!"

"Èmi ni, mà! Èmi ẹyọ kan!"

Ó fẹ́ fajú ro, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó sọ fún Àṣàbí pé kó lọ bá akọ̀wé wọn, kó lọ gba yúnifọ́ọ̀mù. "Ìyá tó ń kọrin yìí, ṣé ẹ̀yin náà á máa bá a wá sí kíláàsì ni?"

Bá a ṣe ń kọrin kọjá ní Jíbówú, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ Ìbàdàn ń bi wá pé ìyàwó la lọ gbé ni. Mo ní tíṣà la gbé! Obìnrin kan tí kò mọ̀ wá rí sọ̀kalẹ̀ lórí àpò gàrí rẹ̀, ó bá mi jó. Jethro, tí ẹnikẹ́ni ò rí kó jó rí, mi èjìká lẹ́ẹ̀kan. Mo rí i. Ó ní kọ̀ọ̀tù òun lòún ń tún ṣe.