Ọ̀dà Pupa Lára Igi Àgbálùmọ̀

Ẹ wá wo Sìdíkátù láàárọ̀ Sátidé, ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó dì mọ́ igi àgbálùmọ̀, tó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn àti kẹrosíìnì bó o lára bí ẹni ń wẹ ọmọ tó jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó ń bó o, ó ń ṣépè. Ta ló dán irú ẹ̀ wò lára igi Yahya?

Yahya lọkọ rẹ̀. Ọdún tí wọ́n kó láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ìgàndò ni bàbá náà gbìn ín sẹ́yìnkùlé, létí odò, torí àgbàrá ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ wá bá wọn ní yàrá. Igi dàgbà, àgbàrá dúró. Yahya ti kú, ọdún mẹ́fà rèé, àmọ́ tí èso bá ti ń pọ́n, Sìdíkátù á ní, "Bàbá Aasiyah ti dé o!"

Àná ló ti ìrìn àjò dé, tó bá ilà pupa gbọ̀ọ̀rọ̀ lára igi. Ta ni ò mọ ọ̀dà pupa ní Alímọ̀ṣọ́? Tí wọ́n bá ti fi kọ nǹkan sára ògiri rẹ, yáa kó ẹrù ẹ, katapílà ń bọ̀. Ló bá bó o títí ilà fi pa rẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó wọlé lọ wẹ̀.

Ọṣẹ ò tíì kúrò lójú rẹ̀ tó fi gbọ́ gbì! Àáké nìyẹn. Gbì!

Ó ró ìró mọ́yà, ó tú jáde. Àwọn ará àdúgbò tó máa ń tún etí odò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gé igi tó dí ojú omi, ní gbogbo Sátidé ìparí oṣù, ti kún ẹ̀yìnkùlé. Akínbọ́lá káfíńtà ti gbé àáké sókè lẹ́ẹ̀kẹta.

"Akínbọ́lá! Èmi ni kó o kọ́kọ́ gé!" Sìdíkátù já wọ àárín àáké àti igi.

Àáké bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà. "Ẹ má bínú, Màmá. Èyí tí ò lámì ni wọ́n ní ká gé."

"Tí ò lámì kẹ̀?"

Richard, tíṣà ará Oǹdó tó háyà yàrá lójúlé kejì, tó kó gbogbo wọn jọ, sáré dé. Ó gbóòórùn kẹrosíìnì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, àwọn igi tó ń di ilẹ̀ mú la kùn lọ́dà, kí wọ́n má bàa gé wọn. Tiyín ni mo kọ́kọ́ kùn. Ẹ ò sí nípàdé tá a ti fẹnu kò lé e lórí ni."

"Pupa! Ní Alímọ̀ṣọ́! Richard, o kàwé tó báyìí, o ò rí àwọ̀ mìíràn rà?"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Sìdíkátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ náà, níbi tí oje funfun ti ń sẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú. "Yahya, jọ̀ọ́, foríjì mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi pa ẹ́."

Richard kúnlẹ̀ ti igi náà, ó po amọ̀, ó fi dí ojú ọgbẹ́ jẹ́jẹ́, ó ya etí ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, ó fi dì í. Sìdíkátù ń wò ó. Bí Yahya ṣe máa ń kúnlẹ̀ ti igi yìí gan-an nìyẹn.

"Ẹ gbé ọ̀dà yẹn wá," ni Sìdíkátù wí.

Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fa ilà pupa tuntun sára igi. Ló bá yíjú sí Richard, ó fa òmíràn síwájú orí rẹ̀.

"Dúró jẹ́ẹ́ jàre, ọmọ yìí. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gé ìwọ náà."