Ẹ̀rín Orí Pátákó

Bí ẹ bá gbọ́ pé bọ́ọ̀lù ń bẹ̀rù ẹnì kan láyé yìí, Ilẹ̀kùn-Irin ni. Gólì ni. Ó ga débi pé bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà lónìí, ọ̀la ló máa ń nàró tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ẹ̀rín rẹ̀ ni. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìfọyín gbé ẹ̀rín náà sórí pátákó ìpolówó káàkiri ìlú, eyín funfun báláú, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Awakọ̀ kan gbójú sókè wò ó lọ́sàn-án gangan, ojú rẹ̀ ṣú, inú gọ́tà ló bá mọ́tò rẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni ìwé ìròyìn gbé fọ́tò mìíràn jáde. Ilẹ̀kùn-Irin ló ń yọ́ jáde lẹ́yìnkùlé obìnrin kan ní aago mẹ́fà ìdájí, ó fọwọ́ bo ẹnu, nǹkan pupa sì lẹ̀ mọ́ ọn létè. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: "Gólì nu ètè, kò nu ún tán." Kí oòrùn tó mú, ọmọ inú oyún pàápàá ti gbọ́.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Lọ́dún méje sẹ́yìn, kí ó tó pàdé ìyàwó rẹ̀, bàtà agbábọ́ọ̀lù kan gbá eyín iwájú mẹ́fà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin inú fọ́tò yẹn, ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe. Òun ló ṣe mẹ́fà mìíràn fún un, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Ìgbàkígbà tí bọ́ọ̀lù bá là wọ́n, ọkùnrin wa á sáré débẹ̀ kí ọjà tó ṣí, ìyá náà á ki ìda pupa bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti fi gba ìwọ̀n. Ìda yìí ni gbogbo ayé ń pè ní ìpara ètè obìnrin.

Ìyàwó rẹ̀ tẹ́ ìwé ìròyìn náà sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ aṣọ òkú.

"Bàbá Ìbejì, mi ò ní pariwo. Kí lẹ wá lọ sílé obìnrin yìí?"

"Ìyá Ìbejì, kì í ṣe ohun tó o rò."

"Mi ò tíì sọ ohun tí mo rò."

Ẹ̀rín yẹn ni ìyàwó rẹ̀ rí tó fi gbà láti fẹ́ ẹ, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Bí wọ́n bá yọ ẹ̀rín kúrò, kí ló kù? Ọwọ́ gígùn méjì.

"Ó dáa," ni ìyàwó wí. "Wọ́n ní ẹ máa bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ láago mẹ́rin. Màá wà lẹ́yìn níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa gbà. Tó bá jẹ́ obìnrin ni, ẹrù mi ti wà nínú mọ́tò, àwọn ọmọ sì ti wà lọ́dọ̀ ìyá mi."

Ilẹ̀kùn-Irin forí lé ọ́fíìsì alukoro ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn. Alukoro yìí ní ìwé àforíjì kan tó ti kọ sílẹ̀ tipẹ́, ó kàn fi àlàfo sílẹ̀ fún orúkọ àti ẹ̀ṣẹ̀ ni. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ti kà á. "Iṣẹ́ èṣù ni" wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Tí èṣù bá mọ̀wé ni, ì bá ti pè wọ́n lẹ́jọ́. Ó ti kọ "obìnrin" sínú àlàfo náà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó gbọ́ òótọ́, ó jókòó.

"Eyín? Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà pé obìnrin ni."

"Kí n gba ohun tí mi ò ṣe?"

"Obìnrin, ọ̀sẹ̀ méjì, aráyé á gbàgbé. Eyín ni wọn ò ní gbàgbé. Gbogbo pápá tí ẹ bá wọ̀ ni wọ́n á ti fi kọrin. Àwọn ọlọ́ṣẹ ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ńkọ́?"

"Ìyàwó á bínú, á tún yọ́."

Aago mẹ́rin lù. Oníròyìn kún yàrá náà débi pé àwọn kan ń mí níwọ̀n-níwọ̀n kí afẹ́fẹ́ má bàa tán. Ilẹ̀kùn-Irin gbé ìwé alukoro sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ èṣù ni..."

Ó gbójú sókè. Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún, kò pòṣé. Ó kàn dìde ni, ó gbé báàgì kọ́ apá. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ìyàwó tó dìde láìpòṣé burú ju àwọn méjèèjì lọ.

Ló bá ju ìwé sílẹ̀. Ó ki ìka méjì bọ ẹnu, ó fà á, ó dún pọ̀! Ó to eyín mẹ́fà kalẹ̀ níwájú makirofóònù. Bí èèrà bá wúkọ́ lójú títì, gbogbo yàrá ì bá gbọ́.

"Ohun tí mo wá lọ sílé ìyá yẹn nìyí," ni ó wí, afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo náà jáde fìì. "Ìda tó fi ń wọn ẹnu mi ló pọ́n mi létè. Mi ò ní àlè. Eyín pàápàá, mi ò ní."

Ẹ̀yìn ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, báàgì lọ́tọ̀, bàtà lọ́tọ̀.

Oníròyìn kan na ọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín orí pátákó wá ńkọ́?"

"Tèmi ni ẹ̀rín. Tìyá yẹn ni eyín."

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Alukoro ti wà lábẹ́ tábìlì.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ò tíì rìn jìnnà nínú mọ́tò tí àwọn ọlọ́ṣẹ fi pè. Wọ́n ní àwọn á já gbogbo pátákó náà lulẹ̀ lọ́la. Ilẹ̀kùn-Irin ní kí wọ́n kú iṣẹ́. Ó dà bíi pé ẹnì kan gbé ilé alájà mẹ́ta kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, gbogbo ọdún yìí, ẹ ń di ẹnu sùn. Mo rò pé ẹ ń bínú sí mi lójú oorun ni."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ yà á, kí n wò ó."

Iná pupa dá wọn dúró ní oríta. Ó ya ẹnu. Obìnrin náà tan iná fóònù sí i, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ gba ilé.

"Yàrá kan àti pálọ̀," ni ó wí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò fọwọ́ bò ó, ojú gbogbo àwọn tó ń sọdá títì ló ti rín in. Iná ti di àwọ̀ ewé, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè mọ́tò bí ẹni máa ya wèrè, àwọn méjèèjì ò gbọ́.