Wáyà Àrówólò

Ọdún kẹfà rèé tí Àrówólò ti papòdà, síbẹ̀ Làtífátù kì í tẹ súwíìsì kankan nínú ilé láì rántí ọwọ́ tó kàn án mọ́ ògiri.

Oníṣẹ́ iná ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ra ilé àtijọ́ náà ní Osu, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ ariwo òkun láti ojú fèrèsé, àtùpà ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń lò. Àrówólò ló gun àjà, òun ló gbẹ́ ògiri, òun náà ló fa wáyà sí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Làtífátù a máa dúró nídìí àkàbà, a tan tọ́ọ̀ṣì fún un, a máa na irinṣẹ́ sí i. Wọn kò tíì bí Habiba ọmọ wọn nígbà náà. Bí iṣẹ́ bá sú wọn, wọn a jókòó sórí símẹ́ńtì, wọn a jẹ kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín, Àrówólò a sì máa nawọ́ sí ibi tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan yóò wà, bí ẹni tó ń pín ilẹ̀ fún ọmọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ìjì kan jà láti orí òkun, ó ṣí páánù méjì lórí ilé náà. Káfíńtà wá kàn án padà, wọ́n rò pé ó tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Fáòsíà tó háyà yàrá ẹ̀yìn, tó ń ta aṣọ ní ọjà Makola bí Làtífátù náà ṣe ń ta ọṣẹ níbẹ̀, fi ọwọ́ tútù di ilẹ̀kùn irin mú. Iná gbé e, ó sì jù ú sẹ́yìn. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Odindi wákàtí kan ni apá rẹ̀ fi kú.

"Màmá Habiba," ló wí nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ẹni tí yóò wò ó. Ilẹ̀kùn yẹn ni àwọn ọmọ mi ń dì mú láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé."

Làtífátù ránṣẹ́ sí Fatawu ní Kaneshie. Ọ̀dọ̀ Àrówólò ni Fatawu ti kọ́ṣẹ́, ọdún márùn-ún gbáko. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ trotro. Ó tú ìdérí súwíìsì kan, ó wò ó. Ó tú òmíràn. Ó gun àjà, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Kí lo rí?" Làtífátù bi í.

"Màmá, iṣẹ́ ọ̀gá dára."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Fatawu wolẹ̀. "Afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ wáyà, ó ti di àwọ̀ ewé. Rọ́bà tó bò ó ń rún wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì gbígbẹ, òjò sì ti bá ibi tó bó. Kò tún sí wáyà tó wọ ilẹ̀ nínú ilé yìí, tí yóò gbé iná lọ sísàlẹ̀ bó bá ṣìnà. Ara èèyàn ló ń gbà kọjá. Gbogbo rẹ̀ la ó yọ."

"O fẹ́ sọ pé Bàbá Habiba kò mọṣẹ́?"

"Màmá, nígbà tí wọ́n ṣe é, gílóòbù mẹ́rin àti rédíò kan ló wà nínú ilé. Ní báyìí firíìjì méjì lẹ ní, áyọ́ọ̀nù wà, tẹlifíṣọ̀n wà. Bí dumsor, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, bá dé, tagbáratagbára ni iná fi ń padà. Bí ọ̀gá bá wà láyé ni, wọn ì bá ti yọ ọ́ ṣáájú mi."

Làtífátù mọ̀ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́. Wọ́n ti pín aṣọ Àrówólò lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Wọ́n ti ta mọ́tò rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣe tó ṣẹ́kù sí i lọ́dọ̀, inú ògiri ló wà.

"Tún ti Fáòsíà ṣe," ló ní. "Kí ìyókù ṣì wà bẹ́ẹ̀ ná."

Fatawu ní kò ṣeé tún ṣe lápá kan, ó gé iná kúrò ní yàrá ẹ̀yìn pátápátá kí ilẹ̀kùn má baà gbé ẹnikẹ́ni mọ́, ó kìlọ̀ fún Làtífátù, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ni Fáòsíà fi ń ríran dáná, kò sì ráhùn sí ẹnikẹ́ni létí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ìjì mìíràn dé. Làtífátù wà ní pálọ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn kan lókè àjà, ṣàà, ṣàà, bí ìgbà tí wọ́n ń din ẹja. Òórùn rọ́bà jíjó gba ilé kan. Èéfín ń yọ nídìí gílóòbù.

Kò sáré, kò sì pariwo. Ó ṣe ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ: ó wọ sálúbàtà rọ́bà, ó mú igi gbígbẹ kan, ó fi ti súwíìsì àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà wálẹ̀. Ohùn náà dákẹ́. Ó dúró títí èéfín fi tán. Ìgbà tó yọjú síta ló rí Fáòsíà nínú òjò, ó fi ìró bo àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí.

Ojú ti Làtífátù.

"Kó wọn wọlé," ló ní. "Ẹ̀bi mi ni."

Kí òjò tó dá, ó ti pe Fatawu. "Wá yọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó dúró nídìí àkàbà."

"Màmá, iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn."

"Mo ti ṣe é rí."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ará ọ́fíìsì iná kọ́kọ́ gé iná ilé náà lórí òpó. Fatawu yọ wáyà àtijọ́, ó fa tuntun sínú páìpù oníke tí iyọ̀ kò lè jẹ, ó sì ri ọ̀pá bàbà kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, kò tíì la ẹnu béèrè tí Làtífátù ti fi ẹ̀mú lé e lọ́wọ́. Ó wo ìyá náà, ó sì yí ojú rẹ̀ padà sí ògiri.

Wọ́n kó wáyà àtijọ́ jọ ságbàlá. "Ṣé ẹ ò ní tọ́jú díẹ̀?" Fatawu bi í.

"Rárá. Tà á fún àwọn onírin." Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, inú yàrá ló wọ̀, ó ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, iná tàn. Fatawu fi bọ́tìnnì kékeré kan hàn án lára pátákó iná tuntun tó kàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, ó ní kí ó máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù. Làtífátù tẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn," Fatawu wí. "Bí iná bá fẹ́ gba ara èèyàn kọjá, kíá ni yóò gé ara rẹ̀." Ó tàn án padà. Fáòsíà rọra fi ìka kan kan ilẹ̀kùn irin, lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Fatawu ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí Làtífátù sún mọ́ ọn.

"Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá wà lẹ́nu iṣẹ́," ló ní, "ǹjẹ́ Bàbá Habiba máa ń dárúkọ mi?"

Ọkùnrin náà dá ọwọ́ dúró. "Bí agogo mẹ́rin bá ti lù, Màmá, wọn a ní ká pa iṣẹ́ tì. Kì báà jẹ́ ilé olówó la wà. Wọn a ní ẹnì kan ń ti Makola bọ̀, pé àwọn kò fẹ́ kí ó bá ilé lókùnkùn."

Ọgbọ̀n ọdún ni Làtífátù fi ń dé láti ọjà tó ń bá a nílé, tó sì rò pé iṣẹ́ ni kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti fi bú u rí.

"Kò sọ ọ́ fún mi," ló ní. Ó fa àga kan sún mọ́ Fatawu. "Jókòó. Tún un sọ."

Fatawu gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó, ó sì tún un sọ.